Àwọn Tó Wọ Pólò Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ fún yín nípa iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó yà mí lẹ́nu. Àgbàlagbà ló máa ń sọ irú ìtàn yìí, àwọn tí orí wọn ti funfun. Èmi ò tíì bímọ pàápàá. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì ti parí mọ́ mi lọ́wọ́. Àyà mi náà ò gba òórùn rẹ̀ mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, bí mo tilẹ̀ kéré. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ títẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára aṣọ ni mo ṣe, ní Ìkàrẹ́. A máa ń tẹ pólò ìsìnkú, pólò àwọn ọmọ ilé ìwé, pólò àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tó fẹ́ ṣe ọdún. Èyí tó ń mú oúnjẹ wá jù ni pólò àwọn olóṣèlú. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, a kì í jókòó.

Ìwárọ̀ Ọ̀kà nilé wa. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni bàbá mi kú, ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Màámi mọ ìyàwó ọ̀gá kan nínú ọjà iṣu ní Ìkàrẹ́, Ìyá Sìdí ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́, wọ́n sì mú mi lọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n san àti ọdún tí wọ́n dá fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yóò san nǹkan, yóò sì sìn. Ìyẹn ò yàtọ̀ níbì kankan.

Ọ̀gá mi, ọkọ Ìyá Sìdí, ń jẹ́ Lámídì. Ará Ugbe ni bàbá tó bí wọn, ìyẹn Ugbe tó wà nítòsí Ìkàrẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ni Ọ̀gá ti dàgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lójú títì, lẹ́yìn ọjà. Ní ọ̀kánkán wa ni Ìyá Bọ̀dé ti ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti bisikíìtì. Ìyá Bọ̀dé ju Ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. “Ọkọ mi” ni wọ́n máa ń pe Ọ̀gá láti òdìkejì títì. Tí Ìyá Sìdí bá wà nítòsí, wọ́n á ní, “Orogún mi, fún ọkọ wa lóúnjẹ o, ó ti ń gbẹ.” Ìyá Sìdí á ní, “Ẹ wá gbé e lọ pátápátá, kí n sinmi.”

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni fífọ síkírìnì. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, síkírìnì jẹ́ férémù onígi tí a na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́. Ibi tí a bá fẹ́ kí yíǹkì gbà kọjá ni a máa ń ṣí sílẹ̀ lára aṣọ náà, a ó dí ìyókù. A ó gbé e lé orí pólò, a ó da yíǹkì sí i, a ó fi rọ́bà fà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, tí o tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí o ń tẹ ojú rẹ̀ á ní imú méjì. Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan rọ́bà yẹn títí tí mo fi gbàgbé pé torí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Kí n ṣáà máa fọ síkírìnì, kí n máa sá pólò, kí n máa ká a. Tí mo bá fọ síkírìnì tí yíǹkì díẹ̀ bá ṣẹ́kù ní igun kan, Ọ̀gá ò ní bínú. Wọ́n á kàn gbé e padà síwájú mi, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ. Ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n ti sọ ọ́.

“Fúnmi, ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní ẹgbẹ́. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ẹgbẹ́ yìí á wá, a ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ẹgbẹ́ kejì á wá, a ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Tiwọn ò gbọdọ̀ pàdé lórí okùn kan náà. Ẹ̀yìn ilé ni kí o sá ọ̀kan sí, inú ilé ni kí o sá èkejì sí. Orin wọn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ.”

Orin yẹn ló kó bá mi. Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá láti àárọ̀, orin wọn sì ti há mi lórí. Mo ń ká pólò, mi ò mọ̀ pé mo ti ń fi imú kọ ọ́. Ọ̀gá gbé rọ́bà sílẹ̀.

“Orin dídùn ni. Jáde, lọ kọ ọ́ fún Ìyá Bọ̀dé. Tó o bá kọ ọ́ tán, kí o tún un kọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. N kì í lè kí èèyàn sókè. Mo dúró sí ojú títì, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí, mo ń kọrin olóṣèlú, omijé ń bọ́. Ìyá Bọ̀dé kọ́kọ́ jó sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì ké sí Ọ̀gá pé, “Lámídì, ó ti tó o! Ohùn ọmọ yìí dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó máa lé oníbàárà mi.” Wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Láti ọjọ́ náà, orin ẹgbẹ́ kankan ò wọ̀ mí létí mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àkísà pẹ̀lú, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Iṣẹ́ wa ń jẹ àkísà púpọ̀. Kẹ́rọ́sìn àti àkísà la fi ń nu síkírìnì, aṣọ pólò ló sì ń fa yíǹkì jù. Ọ̀gá máa ń ra pólò ògbólógbòó lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, a ó gé e wẹ́wẹ́. Pólò olóṣèlú ló máa ń pọ̀ jù. Pólò tí àwa fúnra wa tẹ̀ ló ń padà wá bá wa, tí a ó fi nu ìdọ̀tí pólò tuntun.

Ọ̀gá máa ń wo àkísà yẹn bí ẹni ń ka ìwé. Wọ́n á mú ọ̀kan sókè, wọ́n á wo ojú tó wà lára rẹ̀.

“Ìgbà wo la tẹ èyí?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, sà. Kò tíì pẹ́.”

“Ó ti dé. Ẹni yìí ò ní wọlé ládùúgbò yìí.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí. Ẹgbẹ́ kan wà tí àdúgbò wa ti ń ṣe láti ìgbà tí mi ò tíì dé Ìkàrẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pólò ẹgbẹ́ yẹn kì í wá gẹ́gẹ́ bí àkísà. Àwọn èèyàn á wọ̀ ọ́ lọ sóko, wọ́n á wọ̀ ọ́ sùn, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ọmọ wọn tí yóò máa wọ́lẹ̀ lára rẹ̀, kò ní wá sọ́dọ̀ wa àfi tó bá ya tán pátápátá. Ti ẹgbẹ́ kejì, kò tíì gbẹ tán tí wọ́n ti ń kó o bọ̀. Ọ̀gá gbà pé ohun tí èèyàn bá pa mọ́ ni ohun tó fẹ́ràn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí mi ò ní gbà?

Irinṣẹ́ wa yí padà nígbà tí mo wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, abẹ ni Ọ̀gá fi ń gé lẹ́tà sínú bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìka wọn ló ní àpá. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìmọ́lẹ̀: a ó fi oògùn kan pa ara síkírìnì nínú òkùnkùn, a ó gbé àwòrán lé e, a ó gbé e síta fún oòrùn, lẹ́yìn náà a ó fi omi fọ̀ ọ́, ojú èèyàn á sì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé oògùn gidi ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́bàá báńkì á ṣe àwòrán náà fún wa, Ọ̀gá á máa kùn pé ojú ẹni tí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dán ju ti èèyàn lọ. Mo ti ń fa rọ́bà fúnra mi nígbà yẹn. Mo parí ọdún mi, mo gba òmìnira, mi ò lọ. Mo dúró ti Ọ̀gá, wọ́n ń fún mi lówó.

Nígbà tí ìbò kánsù kan ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí àdúgbò wa ń ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tẹ pólò ni. Wọ́n ní Ọ̀gá ni àwọn fẹ́ fi ṣe kánsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀ ti rí iṣẹ́ sí Àbújá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin àgbà, ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní ẹgbẹ́.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ò ní?” Ọ̀kan nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ta ni kò mọ̀ ẹ́ níbí? Òkú wo ni wọ́n sin tí kì í ṣe ìwọ lo tẹ pólò rẹ̀?”

Wọ́n lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Ọ̀gá fa àpò àkísà síta, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ kejì ló kún inú rẹ̀.

“Fúnmi, ṣé o rí tiwa níbẹ̀?”

Wọ́n sọ pé “tiwa.” Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní mi ò rí i.

Ìyá Sìdí ò fẹ́. Wọ́n ní, “Wọ́n á sọ pé ará Ugbe ni ẹ́.”

“Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá Bọ̀dé?”

“Ẹnu wọn ò ní sọ ọ́.”

Ọ̀gá ní ẹgbẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ń dìbò fún, wọn kì í wo ojú ẹni tó gbé àsíá rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹni yòówù tí ẹgbẹ́ náà bá fà kalẹ̀ níbí ló ń wọlé, títí kan ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀mùtí. Òótọ́ ni. Àwa méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ẹgbẹ́ kejì fà kalẹ̀ ni Dáre, ọmọ agboolé tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Bọ̀dé. Àkúrẹ́ ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kú, ọdún àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé e wá sílé. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá tẹ pólò tirẹ̀, tìtìjú-tìtìjú.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù.”

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ fún un, ó sì mọ́ kedere. Wọ́n ní iṣẹ́ niṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ ìbò, a ti ń fi pólò Dáre nu síkírìnì. Mo rí i pé Ọ̀gá ń fi ọ̀kan nu ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ti Ọ̀gá fúnra wọn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Wọn ò lè fa rọ́bà lé ojú ara wọn, wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n bákan. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pólò lẹ́yìn pólò. Gbogbo àdúgbò ló wọ̀ ọ́. Ìyá Bọ̀dé gba méjì, wọ́n wọ ọ̀kan lé èkejì, wọ́n ní kí ọkọ àwọn lè mú àwọn níwájú kó sì mú àwọn lẹ́yìn. Wọ́n ń kọ orin Ọ̀gá kiri ọjà. Kò sí ibi tí mo yíjú sí tí mi ò rí ojú Ọ̀gá lára èèyàn, lára ìyá tó ń ta ata, lára ọlọ́kadà, lára ọmọ tó ń sáré.

Ní ọjọ́ ìbò, òfin ò gba kí èèyàn wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá síbi ìdìbò. Àwọn ará àdúgbò wa wọ̀ ọ́ lódì, wọ́n yí ojú rẹ̀ sínú. Nínú oòrùn, ojú Ọ̀gá ń hàn fírífírí láti abẹ́ aṣọ. Ọ̀kà ni káàdì ìdìbò tèmi wà, kò sì sí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, torí náà mi ò dìbò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sìdí lábẹ́ igi.

Àwọn tó jáde wá dìbò ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba pólò jókòó sílé, wọ́n ń sinmi. Ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun fún ìbò kánsù. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kọ́kọ́ ka ti alága kánsù, torí ìwé ìbò méjì ni wọ́n fún oníkálùkù. Òṣìṣẹ́ kan ń na ìwé ìbò sókè níkọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn ń kà á pọ̀, “Oókan! Eéjì! Ẹẹ́ta!” Ohùn Ìyá Bọ̀dé ló ròkè jù. Ẹgbẹ́ wa ló borí, ó borí gan-an. Ìyá Sìdí dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rí i pé wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ṣí ti kánsílọ̀. Àwọn èèyàn kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹgbẹ́ kan náà ló wà lórí ìwé méjèèjì. Wọ́n ka ti Dáre, “Oókan! Eéjì! Ẹẹ́ta!” ó ń lọ, ó ń lọ, kò dúró. Àwọn tó ń kà á, ojú Ọ̀gá wà ní àyà wọn, ó kọjú sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ti Ọ̀gá, kíkà náà bẹ̀rẹ̀, ó sì tán. Àwọn kan ti la ẹnu láti ka èyí tó kàn, kò sí i mọ́. Ẹnu wọn wà ní lílà.

Kò sẹ́ni tó hó. Kò sẹ́ni tó fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n rọra túká bí ẹni tó ń kúrò nílé ọlọ́fọ̀. Wọ́n lẹ èsì náà mọ́ ògiri ilé ìwé. Ọ̀gá lọ síwájú rẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n sì lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí.

Ní ọjọ́ kejì Ọ̀gá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó yà wá kí wa. Àwọn tó máa ń gba iwájú wa kọjá ti ń gba ẹ̀yìn. Ìyá Bọ̀dé ò pe “ọkọ mi” láti òdìkejì títì fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn dá títì kọjá, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó.

“Lámídì, ṣé ò ń bá mi jà ni?”

“Mi ò bá ẹnì kankan jà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe ni.”

“O ò ṣe nǹkan kan.”

“Ṣé ẹ dìbò fún mi?”

Ìyá Bọ̀dé wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. “Wọn kì í bi èèyàn ní ìyẹn.”

“Èmi bi yín.”

“Ó dáa. Mo tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa lórí ìwé alága. Nígbà tí mo ṣí ìkejì, ọwọ́ mi dúró. Mo rántí bàbá Dáre. Òun ló fún ọkọ tó gbé mi níyàwó nílẹ̀ tí a kọ́lé sí. Ọwọ́ mi lọ síbẹ̀.”

“Èmi ńkọ́? Ta ló gbé ọkọ yín lọ sí ọsibítù?”

“Ìwọ ni. Ṣé mo ní mo gbàgbé? Tí o bá kú lónìí, ẹkún tí màá sun, ìyàwó ẹ ò ní sun tó bẹ́ẹ̀.” Wọ́n fi etí ìró nu ojú. “Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n máa sin ẹ́ sí, Lámídì? Dá mi lóhùn. Ugbe ni wọ́n máa gbé ẹ lọ. A ó tẹ̀ lé mọ́tò, a ó sunkún dé ibẹ̀, a ó sì padà sílé wa. Dáre, ibí yìí ni tirẹ̀.”

Mo rò pé Ọ̀gá máa bínú. Wọ́n kàn gbé síkírìnì kan, wọ́n ń wo aṣọ ara rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti jò.

Dáre padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó fẹ́ tẹ pólò tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará wọ́ọ̀dù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yíǹkì àti ìdọ̀tí.

“Bàbá, tí ẹ bá ní kí n má ṣe kánsílọ̀ náà, mi ò ní ṣe é.”

“Dìde. Mélòó lo fẹ́?”

“Bàbá, mi ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pàápàá. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́.”

“Àwọn mọ̀ ẹ́,” ni Ọ̀gá wí. “Fúnmi, gba àwòrán ọwọ́ rẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó rẹwà. Ẹnì kankan ò lè sọ pé inú burúkú wà nínú iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ọ̀kà lópin ọ̀sẹ̀, mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ti ń sọ ti ìbò tiwọn fún mi pẹ̀lú ìdùnnú. Tíṣà mi àtijọ́, obìnrin tó kọ́ mi ní ìwé kíkà, ló jáde fún kánsílọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ògbàgì ni, ọkọ ló fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀kà. Òun náà ò wọlé.

“Màámi, ta ni ẹ dìbò fún?”

“Ọmọ àdúgbò wa ni. Ṣé kí n fi tiwa sílẹ̀?”

“Tíṣà kọ́ mi níwèé.”

“Ó kọ́ ẹ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dójú rẹ̀, Ògbàgì ló máa sá lọ.” Wọ́n ń já ẹ̀fọ́, wọn ò wo ojú mi. “Ẹgbẹ́ kan náà sì ni wá o, èmi àti òun. Mo ṣì wọ pólò ẹ̀ nìyí.”

Lóòótọ́, wọ́n wọ̀ ọ́. Mi ò sọ ti Ọ̀gá fún wọn mọ́.

Ọ̀gá kó kúrò ní Ìkàrẹ́ kí ọdún tó yí. Ìyá Sìdí sunkún, wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ugbe? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?” Ọ̀gá ní àwọn ò lè máa jí lójoojúmọ́ kí àwọn máa wo ògiri ilé ìwé. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ń kẹ́rù, gbogbo àdúgbò jáde. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá. Ìyá Bọ̀dé dì mọ́ Ìyá Sìdí, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀ títí tí dírẹ́bà fi ń tẹ fèrè. Dáre wá láti Àkúrẹ́, ó gbé àpótí yíǹkì sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹkún ẹnu lásán.

Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Mo gbìyànjú. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, pólò ti ń wá láti ìlú ńlá ní títẹ̀, nínú ọ̀rá, ojú olóṣèlú ń dán lára rẹ̀. Bánà ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ lójú títì ni àwọn tó kù ń fẹ́, ẹ̀rọ ló ń tẹ ìyẹn ní Àkúrẹ́. Pólò ìsìnkú ló kù fún mi, àwọn ọmọ olókùú pàápàá sì ti ń béèrè ti ẹ̀rọ. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Dókítà ní òórùn kẹ́rọ́sìn àti oògùn wa ni, pé kí n fi í sílẹ̀. Mo ta tábìlì tí a fi ń tẹ pólò, mo padà sí Ọ̀kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò sọ pé kí ẹ má kọ́ṣẹ́ o. Iṣẹ́ dáa. Ẹ wá èyí tí kò ní ba èémí yín jẹ́. Ẹ má sì rò pé torí pé ọwọ́ yín ló tẹ ohun tí àwọn èèyàn wọ̀ sí àyà, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi àti Ọ̀gá rò bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí Ọ̀gá ní Ugbe láìpẹ́ yìí. Mi ò mọ ilé, mo sì dúró pẹ́ kí n tó lè la ẹnu bi obìnrin kan tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní ẹni tó ń tẹ pólò ni mò ń wá, Bàbá Lámídì.

Ó ronú. “Ṣé Bàbá Ìkàrẹ́ lò ń wí? Àwọn tó ṣí dé yẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọ̀bẹ júwe ọ̀nà fún mi.

Ọ̀gá ti rù. Wọ́n jókòó sí ìta, wọn ò ṣe nǹkan kan, síkírìnì kan fara ti ògiri lẹ́yìn wọn, aṣọ rẹ̀ ti ya. Inú wọn dùn láti rí mi. Wọ́n béèrè àyà mi, wọ́n béèrè Màámi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n sì béèrè èyí tí wọ́n ti fẹ́ béèrè láti ìgbà tí mo dé.

“Ṣé wọ́n ń béèrè mi ní Ìkàrẹ́?”

“Wọ́n ń béèrè yín, sà. Ìyá Bọ̀dé kì í jẹ́ kí n kọjá láìjẹ́ pé wọ́n béèrè yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé títì náà ti ṣófo.”

Ọ̀gá rọra mi orí. Mi ò purọ́ fún wọn. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkàrẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó rí mi ládùúgbò yẹn tí kì í béèrè wọn, òótọ́ inú ni wọ́n sì fi ń béèrè.